Wọ́n ní wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kigali. Ṣé kí n kó àdìrẹ mi lọ?

Aláṣọ Ìtòkú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ti ń rò láti bí oṣù méjì, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ.

Àdìrẹ ni iṣẹ́ mi l'Abẹ́òkúta, ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé Kigali, ní Rùwáńdà, bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Mo kó ìró mẹ́rìnlá dání, mo rò pé màá fi ta àwọn tó bá wá kí wa lọ́rẹ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mọ́kànlá ti tà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á fọwọ́ pa á, wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wo ojú ibi tí ẹ̀kọ tí a fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ kò ti jẹ́ kí ẹ̀lú, aró wa, mu, wọ́n á ní ṣé ọwọ́ lẹ fi yà á lóòótọ́.

Ọkọ àbúrò mi wá ní kí n kúkú wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, pé wákàtí mẹ́fà péré ni ìwé ẹ̀rí fi ń jáde. Èmi tí mo lo ọ̀pọ̀ oṣù nílé lórí ìwé kan ṣoṣo! Ìlú mọ́, títì dán, mi ò rí ẹni tó ní kí n mú owó ọtí wá. Ọkàn mi ti ń lọ síbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn ọmọ mi ní ìlú tí kò tó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní fífẹ̀, tí kò sì ní òkun, ta ni mo fẹ́ máa tà fún, ọ̀nà wo sì ni ẹrù máa gbà débẹ̀? Ẹ dákun, ẹni tó bá ti ṣòwò níbẹ̀ rí, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ará Kimironko

Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta oúnjẹ ní Kigali, ẹ̀gbẹ́ ọjà Kimironko ni mo wà.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé yẹn. Rwanda Development Board, àjọ ìjọba tí gbogbo wa ń pè ní RDB, ló kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, ẹ kò ní máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í tètè sọ fún àlejò. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ilé-iṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà ni nọ́ńbà owó-orí yín. Ọjọ́ tí wọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà ni agbowó-orí ti mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ tà, bí ẹ kò tà, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò ránṣẹ́ lásìkò. Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, ìyá mi ṣàìsàn, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wá sílé fún oṣù márùn-ún. Mo rò pé ẹni tí kò ta nǹkan kan kò ní ohun tó fẹ́ kọ. Nígbà tí mo padà, ìtanràn ti gorí ìtanràn. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, èmi ni mi ò béèrè.

Rìsíìtì náà ńkọ́? Láti 2013 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì, tí wọ́n ń pè ní EBM, jáde. Gbogbo ọjà tí ẹ bá tà ni ẹ̀rọ náà ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn agbowó-orí. VAT ibẹ̀ jẹ́ ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, tiwa nílé kò ju ìdá 7.5 lọ. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló sì máa ń béèrè rìsíìtì báyìí, torí ìjọba ń dá díẹ̀ padà fún un nínú VAT tó san. Ọmọ kékeré tó wá ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi á dúró ṣinṣin níwájú káńtà, á máa ka nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Kò ní lọ títí bébà fi jáde.

Ìdí rèé tí ẹ kò fi rí ẹni tó ní kí ẹ mú owó ọtí wá. Ojú ẹ̀rọ ni gbogbo nǹkan wà. Ẹni tó bá mọ̀wé owó rẹ̀ kọ dáadáa á gbádùn ibẹ̀, ẹni tó ń fi orí kó ìṣirò pamọ́ á sunkún. Kí ẹ tún mọ̀ pé kò sí pé ẹ fẹ́ na aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Bí wọ́n bá mú ẹni tó ń kiri ọjà, wọ́n á gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òun àti ẹni tó dúró rà á.

Akẹ́rù Ọ̀nà Dar

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè ọkọ yín, torí òun gan-an ló béèrè ohun tó ṣe kókó. Mo fi ọdún mọ́kànlá bá àwọn tó ń gbẹ́rù kúrò ní èbúté ṣiṣẹ́ ní Dar es Salaam kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀nà méjì ni ẹrù ojú omi ń gbà dé Kigali. Ọ̀kan láti Mombasa ní Kẹ́ńyà, ó gba Ùgáńdà kọjá, ó tó bí 1,700 kìlómítà. Èkejì láti Dar es Salaam ní Tànsáníà, ó tó bí 1,500 kìlómítà, ibodè Rusumo ló ti ń wọlé. Ẹ wò ó, èyí tó kúrú nínú méjèèjì jìnnà ju Èkó sí Kano lọ, orí tírélà sì ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó dé Rùwáńdà. Láti 2018 ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pé wọ́n á fa irin láti Isaka ní Tànsáníà wá sí Kigali, irin náà kò tíì débẹ̀.

Mo rí i dáadáa ní Rusumo. Afárá ni, odò Kagera ń hó yàà lábẹ́ rẹ̀, tírélà á tò lẹ́yìn ara wọn. Ní àtijọ́, awakọ̀ á gba òǹtẹ̀ ní apá Tànsáníà, á sọdá, á tún lọ tò fún òmíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ibodè tuntun, ojú kan náà ni aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì jókòó sí. Wọ́n sì ti ń gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù látìgbà tí ẹrù bá ti wà ní èbúté. Ìyẹn dín wàhálà kù gan-an, kí n má parọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí òǹtẹ̀ kò lè yanjú. Tírélà tó kó símẹ́ńtì, irin, epo pẹtiróòlù àti ìrẹsì lọ, kí ni yóò kó bọ̀? Kọfí, tíì, àti àwọn òkúta abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n lówó lórí, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó láti kún inú ọkọ̀ gbogbo. Òfìfo ni ọ̀pọ̀ ń bá padà. Ta ni ẹ rò pé ó ń san owó epo àbọ̀? Ẹni tó kẹ́rù lọ náà ni. Owó àlọ àti owó àbọ̀ ló wà lórí àpò símẹ́ńtì kan ní Kigali.

Tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Àpápá ni ẹrù yín ti máa gbéra. Ẹ̀gbẹ́ òkun ìwọ̀-oòrùn la wà, ti wọn wà ní ìlà-oòrùn. Kò wọ́pọ̀ kí ọkọ̀ gbà á lọ tààrà. Wọ́n á já a sí èbúté mìíràn, wọ́n á tún un gbé. Ẹ má ṣe gbára lé òkun.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ wákàtí mẹ́fà yìí, inú ìwé Doing Business tí Báńkì Àgbáyé ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Nínú èyí tí wọ́n pè ní ti 2020, ipò 38 ni Rùwáńdà wà ní gbogbo ayé, Mọ̀rísọ́ọ̀sì nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà ní ipò 131. Ní September 2021, Báńkì Àgbáyé fúnra rẹ̀ dá ìwé náà dúró, torí wọ́n rí i pé àwọn kan ti fọwọ́ tọ́ ìṣirò orílẹ̀-èdè mélòó kan. Rùwáńdà kò sí lára àwọn tí wọ́n dárúkọ nínú ọ̀ràn yẹn, mo fẹ́ kí ó hàn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ìwé yẹn ń wọ̀n ni òfin àti fọ́ọ̀mù: ọjọ́ mélòó ni ẹ fi gba ìwé, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ san owó-orí. Kò bi yín pé mélòó ni àwọn tó lè ra ọjà yín. Nínú ètò ìkànìyàn 2022, mílíọ̀nù 13.2 ni wọ́n kà ní gbogbo Rùwáńdà. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń ro orí òkè kéékèèké, bí a bá sì pín gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń rí lọ́dún kárí, ó ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fún ẹnì kan. Àwọn mọ́kànlá tó ra aṣọ yín, àǹtí, mo fẹ́ bi yín: ibo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́?

Aláṣọ Ìtòkú

Ẹ ṣeun, ẹ ò jẹ́ kí n sùn. Mo pe àbúrò mi pé kó rán mi létí. Méjì jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, mẹ́rin ń bá àwọn àjọ òkèèrè ṣiṣẹ́, ọ̀kan ní ilé ìtura, ọ̀kan jẹ́ dókítà, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àti Gánà. Mi ò ronú kan ibẹ̀ rárá.

Akọ̀wé Ìṣirò

Ẹ rí i. Ojú yẹn ni kí ẹ fi wo ọjà yín. Kò burú o. Ẹni tí owó ń wọlé fún wà, wọ́n sì ń ná an sórí ohun tó dára. Wọn kò kàn pọ̀ ni, ẹ sì lè bá gbogbo wọn tà tán láàárín ọdún kan bí ẹ kò bá ronú ibi tí ẹ máa gbà tẹ̀ síwájú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kampala

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ìlú tí kò ní òkun, ọwọ́ aládùúgbò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Kampala ni mo ń gbé, mo ń ta ohun ìṣaralóge àti irun. Títí di 2019, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń fi ẹrù rán oníbàárà mi ní Kigali. Ọkọ̀ alẹ́ ni, bí ilẹ̀ bá mọ́ ó ti débẹ̀. Ní February 2019, wọ́n ti ibodè Gatuna tó wà láàárín Ùgáńdà àti Rùwáńdà. Àwa rò pé ọjọ́ mélòó kan ni. Àpótí mẹ́fà tí mo ti san owó rẹ̀ wà ní ibùdókọ̀ ní apá Ùgáńdà. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún èrò ọkọ̀ ti jókòó sílẹ̀ láìrí èrò, ilé oúnjẹ ti kan igi mọ́lẹ̀kùn, pápá ti fẹ́ hù lójú ibi tí tírélà ń dúró sí. Ọ̀rọ̀ àárín ìjọba méjì ni, kò kan wa, àwa ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Ọjọ́ ìparí January 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta. Oníbàárà mi ti kó ọjà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀ nílé, láti August 2019 títí di December 2020 ni Nàìjíríà fi ti bodè ilẹ̀, àwọn ará Kútọnu àti Ìdí-Ìrókò mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ní Àpápá àti Tin Can. Rùwáńdà kò ní èbúté òkun kankan tirẹ̀ tó fẹ́ yíjú sí.

Ará Kimironko

Òótọ́ ni, mo rántí àsìkò yẹn. Owó àwọn nǹkan kan tó ń ti Kampala wá gorí ní ọjà wa.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa aṣọ, torí òun ni iṣẹ́ yín. Òkìrìkà ni ọ̀pọ̀ tálákà ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, caguwa ni wọ́n ń pè é. Ní 2016, ìjọba fi owó orí rẹ̀ sókè, láti 20 sẹ́ǹtì lórí kílò kan sí dọ́là méjì ààbọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú rán tiwọn, Made in Rwanda ni wọ́n kọ káàkiri. Àwọn tó ń ta òkìrìkà sí wọn láti Amẹ́ríkà fẹjọ́ sùn, Amẹ́ríkà sì bínú: láti ìparí July 2018 wọ́n ti yọ aṣọ Rùwáńdà kúrò lára ohun tó ń wọ ọ̀dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ òfin AGOA. Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà tí wọ́n jọ pète rẹ̀ ti fà sẹ́yìn. Rùwáńdà nìkan kò yí ohùn padà. Èmi rí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí èyí, mo sì rí àwọn télọ̀ tó là. Mi ò lè sọ pé ọ̀kan ju ìkejì lọ.

Nínú ọjà Kimironko, ẹ̀gbẹ́ kan wà tó jẹ́ ti aṣọ igitenge, ankara tiwa náà ni. Aṣọ á so rọ̀ láti òkè délẹ̀, àwọn télọ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ á máa lọ wáyawàya bí òjò lórí páànù. Ẹ ra aṣọ láàárọ̀, wọ́n wọ̀n yín níbẹ̀, ẹ gbà á lọ́jọ́ kejì. Àárín wọn ni ẹ óò wà. Wọ́n mọ iṣẹ́ o, wọn kì í sì í pariwo.

Akẹ́rù Ọ̀nà Dar

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kó yé wa. Rùwáńdà wà nínú ẹgbẹ́ ìlà-oòrùn Áfíríkà, EAC, láti 2007, owó bodè kan náà ni gbogbo wọn ń gbà lórí ọjà tó bá ti ìta wá. Láti July 2022, wọ́n ti fi ìpele kẹrin kún un, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, aṣọ sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá kó aṣọ 100 dọ́là wọlé, tí wọ́n kà á sí ìpele yẹn, ó di 135. VAT ìdá 18 yóò jókòó lórí 135, kì í ṣe lórí 100. Ó ti di 159 dọ́là, ẹ kò tíì san owó ṣọ́ọ̀bù. Owó ọkọ̀ òfurufú láti Èkó sì tún wà lọ́tọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn máa dárúkọ AfCFTA, àdéhùn òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Òótọ́ ni, Kigali gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí i, ní ọjọ́ 21 oṣù March 2018. Nàìjíríà kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn, July 2019 ni, ní Niamey. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó lè wọlé lórí òfin yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti wá. Téérú tí ẹ ń pa láró, níbo ni wọ́n ti hun ún?

Aláṣọ Ìtòkú

Ṣáínà ni. Èyí tí wọ́n ń hun nílé tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń hun ún ti kógbá sílé kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Onírònú

Ẹ máa bínú pé mo fẹ́ da ọ̀rọ̀ sí ibi tó le. Gbogbo yín ń yin ìmọ́tótó àti ètò. Ní January 2025, àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 gba Goma ní Kóńgò, ìlú tó fara ti Gisenyi ní Rùwáńdà, títì kan ló là wọ́n. Àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ti kọ ọ́ léraléra pé Rùwáńdà ló wà lẹ́yìn M23. Kigali ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ààbò ara òun ni òun ń ṣe. Ní February 2025 Amẹ́ríkà fi òfin de James Kabarebe, tó jẹ́ mínísítà ní Rùwáńdà nígbà náà, ní March ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin de ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ góòlù ní Kigali. Ẹni tó fẹ́ gbé owó rẹ̀ lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí. Owó mìíràn wà tó mọ́ lójú, tí ìdí rẹ̀ kò mọ́.

Ará Kimironko

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú. Àwọn tó ń kú ní Kóńgò, èèyàn ni wọ́n. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn kéékèèké. Ní Gisenyi, ẹnu ibodè kan wà tí wọ́n ń pè ní Petite Barrière, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀ lóòjọ́, obìnrin ló pọ̀ jù, tòmátì, wàrà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ló wà lórí wọn. Ọ̀kan lára àwọn tó ń kó ẹyin fún mi, ọmọ mẹ́ta ló ń fi òwò yẹn tọ́. Nígbà tí ìjà dé Goma, àwọn báńkì ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ láti ra nǹkan. Ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí agbọ̀n mú, agbọ̀n òfìfo, kò sọ̀rọ̀ títí.

Mo gbà pé ẹ̀tọ́ ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá máa wá, kó mọ̀.

Onírònú

Mo gbọ́, àbúrò. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò kà á sí èébú.

Ọ̀dọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú tèmi kún un. Ọdún méjì ni mo fi kàwé ní Kigali, Carnegie Mellon ti Amẹ́ríkà ní ẹ̀ka kan níbẹ̀ láti bí 2011. Ohun tí mo rí ni pé ìjọba ibẹ̀ mọ ìṣòro tírélà yìí ju gbogbo wa lọ. Bí ẹ bá wo ohun tí wọ́n náwó lé lórí, ohun tí kò nílò tírélà ló pọ̀ níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé Kigali Convention Centre tí wọ́n ṣí ní 2016: èèyàn ló ń gbé ara rẹ̀ wá, ó san owó yàrá, ó jẹun, ó lọ. Ọ̀bọ gòrílà inú òkè Volcanoes: láti 2017, 1,500 dọ́là ni àlejò láti òkè òkun ń san láti lọ wò wọ́n fún wákàtí kan, ìdá mẹ́wàá owó náà sì ń lọ fún àwọn ará abúlé tó wà láyìíká. RwandAir, tó ń ná Èkó sí Kigali. Físà tí ọmọ Áfíríkà kì í ṣe wàhálà lé lórí. Orúkọ Visit Rwanda tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sápá aṣọ Arsenal ní 2018, tí gbogbo wa rí kí a tó mọ ibi tí ìlú náà wà. Kọfí pàápàá, àpò kan rẹ̀ lówó lórí, ó sì fúyẹ́ ju símẹ́ńtì lọ.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń mówó wọlé. Gbèsè ìjọba pọ̀, wọ́n sì ṣì gbára lé ìrànwọ́ òkèèrè. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mélòó kan wà tó jẹ́ ti Crystal Ventures, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wàrà tàbí iṣẹ́ títì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó fẹ́ bá figagbága. Àdìrẹ kò sí lára rẹ̀.

Àǹtí, ìbéèrè mi ni èyí: kí ló dé tó jẹ́ aṣọ lẹ fẹ́ gbé lọ? Ọwọ́ yín ni kò wúwo. Ìyẹ́ tí ẹ fi ń ya ẹ̀kọ kò tó gíráàmù mẹ́wàá. Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í wọn ohun tí ìyá yín àgbà kọ́ yín.

Akẹ́rù Ọ̀nà Dar

Ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Aṣọ funfun wà ní Kigali, ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ti wà níbẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá pa aṣọ náà láró níbẹ̀, tó sì bá òfin orírun ọjà mu, ọjà Rùwáńdà ló dà. Ó lè wọ Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Tànsáníà láìsan owó bodè, lórí òfin EAC. Nígbà yẹn, òǹrajà yín ti ju mílíọ̀nù 13 lọ fíìfíì, ìdáhùn sì ti dé fún Akọ̀wé.

Ará Kimironko

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ dúró ná. L'Ìtòkú, omi aró ń ṣàn nínú gọ́tà, gbogbo wa rí i. Ní Kigali, ẹ kò lè dán an wò. Àfonífojì àti àbàtà ìlú náà, wọ́n ń ṣọ́ ọ bí ojú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní àbàtà Gikondo tẹ́lẹ̀, wọ́n kó wọn kúrò lọ sí agbègbè ilé-iṣẹ́ ní Masoro. Ẹ máa nílò ibi tí omi aró máa dúró sí kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Kọ́sítíìkì tí ẹ fi ń pa aró náà, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó rà á.

Aláṣọ Ìtòkú

Ẹ̀yin ará, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ mi, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ibi tí mo dé rèé. Mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo máa padà lọ fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ìró ogún, màá san owó rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú bó ṣe yẹ, màá sì ta á ní iye tó kó owó náà sí. Màá bẹ àwọn télọ̀ Kimironko kí wọ́n jẹ́ kí n gba àyè tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá kọ́ àwọn obìnrin mẹ́fà bí a ṣe ń fi ìyẹ́ ya ẹ̀kọ. Ẹlẹ́kọ ni ká bẹ̀rẹ̀, ẹ̀lú inú ìkòkò kékeré kan, kí n lè mọ bí omi ibẹ̀ ṣe ń gba aró àti ibi tí màá da á sí. Bí ó bá dáa, orúkọ ilé-iṣẹ́ kò ju wákàtí mẹ́fà lọ, ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, màá gba ẹni tó mọ̀ nípa owó-orí kí n tó gba télọ̀.

Ó kù ìbéèrè kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo sọ yìí, ṣé wọ́n á wá?

Ará Kimironko

Wọ́n á wá, yàtọ̀ sí Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù. Umuganda ni ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń jáde ṣe iṣẹ́ ìlú láàárọ̀, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí títí di bí aago mọ́kànlá. Ẹ̀yin náà ẹ mú ọkọ́ lọ́wọ́, ẹ bá wọn ro ẹ̀gbẹ́ títì. Ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò mi ti mọ̀ mí, kì í ṣe ibi tí mo ti ń ta ìrẹsì.

Ohun kan tó kù: ẹ má fi ọ̀rá di aṣọ yín o. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá níbẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ kúrò lára ẹrù yín ní pápákọ̀ òfurufú, aṣọ á sì dà sílẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ló wà nínú tèmi. Bébà ni kí ẹ fi dì í, kí ẹ fi okùn so ó ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ óò balẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìta ibi tí wọ́n ti ń jáde ni màá dúró sí.